Ọdún Tí UPE Dé Bá Wa ní Bàbáńlá

Ìtàn díẹ̀ ni mo ní fún yín lónìí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn Ìgbómìnà Ìlá Ọ̀ràngún jẹ níbẹ̀. Àwa Ìgbómìnà Bàbáńlá, Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ ò jẹ, torí abẹ́ Àríwá ni òyìnbó pín wa sí. Èdè kan náà o, ààlà lásán ló là wá!

Oṣù kẹsàn-án 1976 ni ìjọba Ọbásanjọ́ tó gbé UPE dé gbogbo Nàìjíríà. Ọdún yẹn ni mo wọ ilé-ìwé. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ gba orí kọjá, kí n fi di etí kejì mú. Ọwọ́ mi ò tó, mo bá dọ́gbọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ (kí Olúwa dárí jì mí). Ọmọ pọ̀ ju àga lọ; ilẹ̀ la jókòó sí. Láàárọ̀ a ó gbálẹ̀, a ó pọnmi fún tíṣà, ká tó wá kọ A B D sórí síléètì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò bá a. Owó ọmọ kan ni bàbá wa rí san ṣáájú UPE, ọkùnrin ni wọ́n sì mú. Lálẹ́, tí wọ́n bá ti fọ abọ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi á pè mí sídìí àtùpà: “Mú síléètì ẹ wá. Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?”

Bíbélì Yorùbá tí wọ́n ń kà lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.