Géèmù Àwọn Adúláwọ̀ àti Ọjà Ọlọ́jà

Ìgbàkígbà tí géèmù kan láti ọwọ́ adúláwọ̀ bá gbòde, bíi Tales of Kenzera: Zau tí Abubakar Salim àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Surgent Studios, ṣe ní 2024, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn oníròyìn: pé àwọn adúláwọ̀ ti ń wọ inú iṣẹ́ géèmù wàyí. Ọ̀rọ̀ ìwúrí ni, àmọ́ kò bá ìtàn mu. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti wà ńbẹ̀. Wọ́n ń ṣe é, ó ń parẹ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn a sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò ní baba nídìí iṣẹ́ náà. Èrò tèmi ni pé ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ṣe géèmù, kò sì sí nínú iṣẹ́ wọn. Ọjà ọlọ́jà ni wọ́n ti ń pàtẹ, ọjọ́ tí olówó ọjà bá sì ti ìlẹ̀kùn, tòun ti ọjà wọn ló ń tì í pa.

Jerry Lawson ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ New York ni, wọ́n bí i ní 1940, ó sì di ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ Fairchild ní California. Òun ló darí àwọn tó ṣe Channel F, tó jáde ní November 1976. Kó tó dìgbà náà, géèmù tí wọ́n bá ti ṣe mọ́ inú ẹ̀rọ ni onílé yóò máa gbá títí yóò fi sú u. Channel F ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí èèyàn lè fa kátíríìjì kan yọ lára rẹ̀ nínú ilé, kó sì ti òmíràn bọ̀ ọ́. Lawson nìkan kọ́ ló ronú kàn án o. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Alpex ni èrò náà ti wá, Lawson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ohun tí ọmọdé lè fà yọ kó sì tì bọ̀ ọ́ láìbà á jẹ́. Ní 1980 ó kúrò níbẹ̀, ó dá Videosoft sílẹ̀ láti máa ṣe géèmù fún ẹ̀rọ Atari 2600. Nígbà tí ọjà géèmù dojú dé ní Amẹ́ríkà ní 1983, Videosoft bá a lọ. Àwọn géèmù tó ń ṣe kò dé orí àtẹ. Kátíríìjì tí wọ́n fi ń tún àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n ṣe nìkan ló rí tà. March 2011 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ géèmù lágbàáyé tó yẹ́ ọkùnrin yìí sí ní gbangba. April ọdún náà ló kú.

Ẹni tó bá ń wá adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ gbé ìtàn àwọn èèyàn rẹ̀ sínú géèmù, kó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, kó kọjú sí Martinique, erékùṣù tí Faransé ń ṣàkóso ní òkun Kàríbíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Muriel Tramis ní 1958. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní Paris, ó ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀ ní Aérospatiale, ó fi í sílẹ̀, ó lọ sí ilé-iṣẹ́ géèmù tó ń jẹ́ Coktel Vision. Ní 1987, òun àti òǹkọ̀wé Patrick Chamoiseau, ọmọ Martinique bíi tirẹ̀ tó wá gba ẹ̀bùn Goncourt ní 1992, gbé Méwilo jáde. Ìlú Saint-Pierre ni ìtàn inú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní May 1902, nígbà tó ku ọ̀la kí òkè Pelée bú gbàmù, kó sì pa ìlú náà run pẹ̀lú èèyàn tó tó 28,000. Ìdí ìtàn náà ni àlọ́ àwọn àgbà erékùṣù náà: wọ́n ní bí olóko bá fura pé àwọn ẹrú fẹ́ dìde, yóò ní kí ẹrú kan gbẹ́ ihò, yóò ri ìkòkò wúrà mọ́ ibẹ̀, yóò pa ẹrú náà, yóò sì sin ín tì í, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè máa ṣọ́ owó. Ẹ̀mí tí wọ́n fi ṣọ́ owó ẹni tó pa á ni ẹni tó ń gbá Méwilo yóò máa wá ìdí rẹ̀.

Lọ́dún kejì ni Freedom jáde. Òru kan ṣoṣo ni, ní oko ìrèké kan. Ẹni tó ń gbá a yóò yan ọ̀kan nínú ẹrú mẹ́rin, yóò máa yọ́ rìn láti ahéré dé ahéré, yóò máa rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n dìde, yóò sì máa sá fún ajá àti àwọn tó ń ṣọ́ oko. Bí kò bá rí èèyàn kó jọ, ìdìtẹ̀ rẹ̀ kò lè rìn jìnnà. 1988 la ń wí yìí o. Ọdún 2001 ni ìjọba Faransé tó ṣòfin pé ìwà ọ̀daràn sí ọmọ aráyé ni òwò ẹrú, nígbà tí géèmù náà ti pé ọdún mẹ́tàlá. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1991, obìnrin yìí kan náà, ní ilé-iṣẹ́ kan náà, òun pẹ̀lú Pierre Gilhodes, ṣe Gobliiins, géèmù ẹ̀rín nípa àwọn iwin kéékèèké. Wọ́n ṣì ń ta Gobliiins lórí GOG, ìsọ̀ géèmù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí dòní, kódà Gilhodes gbé ìkarùn-ún rẹ̀ jáde ní 2023. Méwilo àti Freedom wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó géèmù àtijọ́ jọ fún ìfẹ́ ara wọn. Faransé fún Tramis ní oyè Légion d'honneur ní 2018. Wọ́n gbé ènìyàn ga, iṣẹ́ rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé Gobliiins pani lẹ́rìn-ín, àwòrán rẹ̀ dára ju ti àwọn tó ṣáájú, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ lórí àtẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ohun tó mú ọjà kan tà ní 1991 kò tó láti sọ ìdí tí a kò fi rí èkejì rà rárá. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí géèmù ló ń pinnu èyí tí yóò gbé padà sórí àtẹ, Tramis kì í sì í ṣe ẹni náà. Sierra ti Amẹ́ríkà ra Coktel Vision ní 1993, ẹ̀tọ́ gbogbo ohun tó ṣe sì bá ilé-iṣẹ́ náà lọ. Àtakò tó lágbára jù ni pé ọjà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló kú ní 1983 pẹ̀lú Videosoft. Mi ò sì ní sọ pé àwọ̀ ara ló pa Videosoft. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ti pa owó mọ́lẹ̀ kí ìjì tó dé ló ń rí i là. Activision, tí àwọn tó kúrò ní Atari dá sílẹ̀ ní 1979, la á já. Bí adúláwọ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, bí òun bá ṣubú, ojúlé tiwọn ti pa nìyẹn.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní 2012, Abiola Olaniran, tó jáde ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀. Windows Phone ló dojú kọ. Ọgbọ́n ni: orí iPhone àti Android ti kún, Microsoft sì ń wá ẹni tí yóò ṣe nǹkan sórí fóònù tirẹ̀. Èèyàn wa géèmù Gamsole sórí fóònù ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà. Nígbà tó yá, Microsoft kọ fóònù náà sílẹ̀, ó sì ti ìsọ̀ Windows Phone 8.1 pa ní December 16, 2019. Àwọn tó ṣe géèmù kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á ní ìyẹn ti kọjá, pé láti 2017 ni Steam, ìsọ̀ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ń gba ẹnikẹ́ni tó bá san 100 dọ́là wọlé. Ẹnu ọ̀nà ṣí lóòótọ́, àmọ́ géèmù tó gbabẹ̀ wọlé ní 2023 lé ní 14,000, Steam sì ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé. Ẹ̀kọ́ tó wà nídìí ilé-iṣẹ́ géèmù tó ń jẹ́ Kiro'o Games yàtọ̀ díẹ̀. Olivier Madiba ti ń ro géèmù Aurion láti 2003 ní Yaoundé, ìlú tí iná ọba ti ń ṣe ségesège, kó tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2013. Ọmọ ọba tí wọ́n fipá gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni géèmù náà dá lé, òun àti aya rẹ̀ ni wọ́n jọ jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́, agbára àwọn baba ńlá rẹ̀ ló sì fi ń jà (kò yẹ kí Yorùbá kankan béèrè àlàyé ìyẹn). Àwọn èèyàn dáwó fún un lórí ìkànnì ìdáwójọ Kickstarter, ó tó nǹkan bíi 50,000 Euro, géèmù náà sì jáde ní April 2016. Ohun tó wú mi jù ni pé Kiro'o ta ìpín ilé-iṣẹ́ fún àwọn èèyàn kéékèèké, kí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni ńlá kan. Orí Steam ni wọ́n ṣì ti ń tajà, àmọ́ bí Steam bá kú lọ́la, Aurion yóò ṣì ní olówó rẹ̀.

Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, fi géèmù ọ̀kadà àti ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀. Ní 2024 wọ́n ṣe Iwájú: Rising Chef fún Disney, níbi tí èèyàn ti ń se oúnjẹ ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ tó dára ni, owó iṣẹ́ kò sì nítìjú, àmọ́ Disney ni yóò sọ iye ọdún tí yóò fi wà lórí àtẹ. Ohun tó lè gba géèmù lọ́wọ́ olówó ọjà ni kí ìjọba tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Faransé ti ń gba ẹ̀dà géèmù sílé ìkàwé ìjọba láti ìgbà òfin 1992. Méwilo fi ọdún márùn-ún ṣáájú òfin náà. Ní Nàìjíríà, òfin 1970 ní kí àwọn atẹ̀wéjáde kó ẹ̀dà ìwé wọn fún ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀. Ìwé ni òfin náà ń wí. Géèmù Gamsole kò sí lábẹ́ rẹ̀, ti Maliyo náà kò sí níbẹ̀.