Ajé gúnlẹ̀, bọ́ọ̀lù ò dúró

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, Àpápá GRA ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n Maracana l'Ájégúnlẹ̀ ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

2/ Julius Berger gba líìgì wa ní 1991. Ọdún yẹn náà ni Amuneke, ọmọ AJ, kúrò níbẹ̀ lọ sí Zamalek ní Íjíbítì. 1993, Taribo West lọ sí Auxerre. 1994, góòlù méjì Amuneke ló fún wa ní ife Áfíríkà. A jó. Ta ló wá kù sí Berger?

3/ Àwọn bàbá ẹ̀gbẹ́ pápá á ti yà sórí ọtí: wáìnì GRA ò tó ògógóró! Wọ́n á ní òyìnbó fòfin de ògógóró wa, ó sì ń gbowó ibodè lórí jíìnì tó ń kó wọlé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Àṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni: tiwa ò níyì àfi tó bá ti òkè òkun dé.

4/ Berger tún gba líìgì ní 2000. Ighalo náà gbabẹ̀ kọjá lọ sí Norway ní 2007. Lónìí, orúkọ Berger ò sí ní líìgì mọ́.

5/ Mi ò ní kí wọ́n má lọ o. Ṣùgbọ́n pápá tó tọ́ wọn ńkọ́? Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà wo ló máa dúró?