Àtẹ Àṣẹ Bọ́tìnì Ọ̀tún àti Ìtẹ̀wé Yorùbá ní Agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáíkò

Ìfáárà

Bí a bá tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà, àtẹ kékeré kan a yọ jáde, tí ó to àwọn àṣẹ bí i gígé, ṣíṣe ẹ̀dà àti lílẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé ìtàn àtẹ náà jẹ́ ìtàn ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ohun tí yóò wà nínú rẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Douglas Engelbart ṣàfihàn máòsì ní Amẹ́ríkà ní 1968. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Xerox fi bọ́tìnì rẹ̀ pe àtẹ àṣẹ jáde. Windows 95, tí ó jáde ní 1995, ni ó sọ bọ́tìnì ọ̀tún di ohun tí tọmọdé tàgbà ń lò.

Ìṣòro Atẹ̀wé

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́. Ibẹ̀ náà ni ọjà Alábà wà, níbi tí a ti ń ta ohun èlò oníná. Kò yani lẹ́nu pé bíṣínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, níbi tí a ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, gbilẹ̀ láti Ìbà dé Òkòkómáíkò. Àkọtọ́ Yorùbá, tí a jíròrò lé lórí ní Èkó ní 1875, tí a sì fọwọ́ sí èyí tí a ń lò ní 1974, kò rí àyè lórí bọ́tìnì ìtẹ̀wé wọ̀nyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ètò Word a máa fa ilà pupa sí abẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí atẹ̀wé bá tẹ bọ́tìnì ọ̀tún, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àtẹ náà ń dábàá. Ọ̀nà ìrọ̀rùn ni kí a yọ àmì kúrò. Nígbà náà, oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan náà.

Agbára Àtúntò

Láti Word 97 títí dé Word 2003, ẹni tí ń lo kọ̀ǹpútà lè tún àtẹ náà tò fúnra rẹ̀. Ó lè ṣe àkọsílẹ̀ àṣẹ kan tí yóò tẹ ẹ́ tàbí ọ̀, tàbí èyí tí yóò sọ fún ètò náà pé kí ó má ṣe yẹ sípẹ́lì wò, kí ó sì fi í sínú àtẹ. Àmọ́ bí a kò bá fi àtúntò náà pamọ́ sínú fáìlì iṣẹ́ fúnra rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó ń gbé. Nígbà náà, bí iṣẹ́ bá kúrò ní Ìbà lọ sí Ọ̀jọ́, kò bá a lọ. Word 2007 wá mú fèrèsé àtúntò yìí kúrò, ó ku ẹni tí ó mọ kóòdù kọ. Ní ti Notepad++, tí ó jáde ní 2003, fáìlì contextMenu.xml ni a fi ń tún àtẹ rẹ̀ tò.

Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn pé ohun tí olùṣe fúnni, olùṣe lè gbà á padà. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àmì ohùn àti bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ tò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àtẹ tí ẹlòmíràn tò ni yóò máa pinnu bí a ó ṣe kọ èdè wa.