Èéfín Tí Ojú Kò Rí: Ìtàn Iná Inú Ilé ní Ìlú Ọba, àti Ìmúrasílẹ̀ fún Òtútù

Nọ́ọ̀sì yín ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ojú ń dùn, kí ọmọ ilé bá a kà á sókè.

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, àwọn kan nínú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù lọ sí Ìlú Ọba láti lọ tọ́jú ìyá ìkókó. Màmá kan tí mo máa ń bá wo ẹ̀jẹ̀ ríru sọ ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀ fún mi. Ilé àtijọ́ ni ọmọ wọn ń gbé, iná gáàsì sì wà lára ògiri pálọ̀. Ihò kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ògiri tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé. Màmá ní àwọn ò ní í jẹ́ kí òtútù pa ọmọ tuntun. Wọ́n ká ìró, wọ́n fi dí ihò náà pa.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ wọn. Ó ń rẹ ìyá ìkókó, èébì sì ń gbé e. Wọ́n ní wàhálà ìrìnàjò ni, wọ́n ní àìsùn ni. Agbẹ̀bí tó wá wo ọmọ nílé ló béèrè ìbéèrè méjì péré: “Ṣé gbogbo yín ni orí ń fọ́? Ṣé ó máa ń fúyẹ́ bí ẹ bá jáde síta?” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì. Kíá, ó pa iná, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó kó tọmọ tìyá jáde. Orí ló kó wọn yọ.

Màmá kì í ṣe òpè o. Ohun tí wọ́n ṣe ihò náà fún ni wọn kò mọ̀. Ihò yẹn ní ìtàn, ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ.

*Bí èéfín ṣe rí ọ̀nà*

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ará Róòmù ń ṣàkóso Bìrìtéènì, àwọn ọlọ́lá máa ń dáná sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ooru iná á gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá kọjá, èéfín á sì gba inú ihò ògiri jáde. Àwókù irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Bath àti Chedworth. Nígbà tí ará Róòmù lọ tán, àwọn mẹ̀kúnnù ń dáná sí àárín ilé, èéfín á máa gba òrùlé jáde, bí ilé ìdáná àwọn ìyá ìyá wa gẹ́lẹ́. Láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni ọ̀nà èéfín tí wọ́n fi bíríkì mọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ nílé àwọn èèyàn.

Ní 1662, ìjọba gbé owó orí lé ojú ààrò, ṣílè méjì lọ́dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan dí ojú ààrò wọn pa kí wọ́n má baà san án. Ní 1689 ni wọ́n tó fagi lé e.

Nígbà tí èédú inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń wà ní Enugu nígbà kan rí, wá gbòde, ẹ̀gbin dúdú ń dì mọ́ ọ̀nà èéfín. Àwọn ọmọdékùnrin ni wọ́n ń rán gun inú rẹ̀ láti fá a. Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ orúkọ Percivall Pott, dókítà tó kọ ọ́ ní 1775 pé ẹ̀gbin yẹn ló ń fa jẹjẹrẹ tó ń bá àwọn tó ń fá ọ̀nà èéfín jà. Síbẹ̀, òfin tẹ̀ lé òfin, ó di 1875 kí òfin tó múlẹ̀ tó gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko!

*Èéfín tó ń fara sin*

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí kan wà tó ń fara sin. Carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Bí iná èyíkéyìí, ìbáà ṣe igi, èédú, kerosíìnì, gáàsì tàbí pẹtiróòlù, kò bá rí afẹ́fẹ́ tó, ó máa ń tú u jáde. Bí a bá fà á símú, ó máa ń gba ìjókòó afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ó fi ìlọ́po tó lé ní 200 lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ rere lọ.

Ní àwọn ọdún 1890, dókítà ará Scotland kan, John Scott Haldane, yẹ òkú àwọn awakùsà tó kú nígbà tí ibi ìwakùsà bú gbàmù wò. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ni iná kò jó pa, carbon monoxide ló pa wọ́n. Ó dámọ̀ràn pé kí àwọn awakùsà máa mú ẹranko kékeré dání, torí pé ìyẹn á ti ṣubú kí ti èèyàn tó bà jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní canary wọlẹ̀ nìyẹn, títí di 1986 tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*Láti èédú dé gáàsì*

Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1952, òtútù mú ní London, atẹ́gùn kò fẹ́, èéfín èédú sì bo ìlú mọ́lẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú, pàápàá àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní 1956. Láàárín 1967 sí 1977, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń fi gáàsì abẹ́ òkun rọ́pò èyí tí wọ́n ń fi èédú ṣe. Carbon monoxide wà nínú gáàsì àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ti ìsinsìnyí kò ní in, àfi bí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó nígbà tó ń jó.

Ẹ̀yin ìyá mi, ohun tí ihò yẹn wà fún nìyẹn. Iná ló ń gba ibẹ̀ mí.

*Kí òtútù tó dé*

Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín níbẹ̀:

1. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ẹ pe oníṣẹ́ tó wà nínú ìwé Gas Safe, kí ó yẹ boiler wò. Ẹ ní kí ó fi káàdì rẹ̀ hàn. Ẹni tó yá ilé gbé, ọ̀ranyàn ni kí onílé ṣe àyẹ̀wò gáàsì lọ́dọọdún, kí ó sì fún un ní ìwé rẹ̀.
2. Ẹ tan ẹ̀rọ náà wò kí ẹ tó nílò rẹ̀. Bí òkè radiator bá tutù tí ìsàlẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kékeré rẹ̀ la fi ń tú u, lẹ́yìn tí a bá ti pa á tó sì ti tutù.
3. Iná gáàsì tó dára a máa jó búlúù. Bí ó bá di yẹ́lò, ẹ pa á, ẹ pe oníṣẹ́.
4. Ẹni tó ń dá igi tàbí èédú, kí ó jẹ́ kí wọ́n gbá ọ̀nà èéfín. Ẹyẹ lè ti kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀.
5. Ẹ ra àláàmù carbon monoxide, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lóṣooṣù. Àláàmù èéfín lásán kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀.
6. Kí yàrá àgbàlagbà má tutù ju ìwọ̀n 18 Celsius lọ. Ẹ wọ aṣọ lé aṣọ, ẹ má ṣe dí ihò.
7. Orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀ tó mú gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ jáde! Ẹ pe 0800 111 999. Bí ẹnì kan bá dákú, 999 ni kí ẹ pè.

Àwa tí a wà nílé náà kò yọ nínú rẹ̀. Ìkòkò èédú tí a ń gbé sí yàrá ìyá ìkókó nígbà ọyẹ́, tí a sì ti ilẹ̀kùn, carbon monoxide kan náà ló ń tú jáde. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè ńkọ́? Ẹ ti gbọ́ ti ìdílé tó sùn tí wọn ò jí. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Olè á kó ẹrù lọ, a ṣì lè ra òmíràn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Màmá wa ti padà sí Ìlú Ọba lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìgbà náà. Wọ́n ní àláàmù lohun àkọ́kọ́ tí àwọn béèrè lọ́wọ́ ọmọ, kí àwọn tó gba ìkókó mọ́ra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín lókè òkun àti sí ẹgbẹ́ yín gbogbo. A ò ní í fi ọwọ́ wa pa ara wa o. Àmín.