Ilé Kan, Yàrá Púpọ̀: Ìtàn Iṣẹ́ Yàrá Ẹ̀yìn ní Sabon Gari Kánò

Ẹni tó bá dé Ìbàdàn tó ní òun ń lọ sí Sábó, àdúgbò àwọn Háúsá ló ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọkọ̀ lọ sí Kánò, Kánò ti Dàbó, ikùn erin, ìlú tí àwọn onílùú máa ń fi yangàn pé ohunkóhun tí àlejò ìbáà gbé wá, yóò bá ẹni tó jù ú lọ níbẹ̀, tó sì ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé òun lọ sí Sabon Gari, àdúgbò tiwa gan-an ni wọn yóò já a sí. Orúkọ kan náà ni méjèèjì. “Ìlú tuntun” ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Háúsá, àlejò ni ó sì ń tọ́ka sí níbikíbi tí a bá ti gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ Sabon Gari ń ṣe nísinsìnyí tí mo fẹ́ wá gbòǹgbò rẹ̀ kàn. Wọn a gbé kọ̀ǹpútà alágbára kan tí wọ́n ń pè ní sáfà sí yàrá ẹ̀yìn, wọn a máa fi sọ́fítíwíà sí i lára díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yóò fi di ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ojú kò rí, tí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó síwájú ògbólógbòó ẹ̀rọ lásán yóò sì máa ṣiṣẹ́ lórí wọn bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. Àwọn tó rí i a ní ohun àjèjì ni, àná ni ó dé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Yàrá ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ti ṣiṣẹ́ ní Sabon Gari láti ọjọ́ tí wọ́n ti dẹ́rù wọn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ojú irin kọ́ ni ó kọ́kọ́ mú Yorùbá dé Kánò, nítorí kí òyìnbó tó gba ìlú náà ní oṣù kejì ọdún 1903 ni àwọn oníṣòwò wa ti ń gbé inú odi, ní àdúgbò Ayagi, tí wọ́n ń bá onílé kírun, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sì ti di Háúsá lẹ́nu àti nínú ìwà. Àwọn tí ojú irin kó wá ni ó yàtọ̀. Ọdún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Baro létí Odò Ọya, ó sì wọ Kánò ní ọdún 1911. Nígbà tí ọkọ̀ sì ti ń ru ẹ̀pà lọ sí etíkun, ó di dandan kí ẹnìkan wà tí yóò ka iye àpò, tí yóò ta wáyà, tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe, tí yóò sì mọ ìwé òyìnbó kà. Ìjọba kò fẹ́ kí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ máa gbé inú odi. Wọ́n wọn ilẹ̀ fún wọn ní ìta, wọ́n la títì rẹ̀ gbọọrọ bí ìlà inú ìwé ìṣirò owó, Yorùbá, Ìgbò, ará Saro àti ará Gáná, tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí akọ̀wé ojú irin, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti ṣẹ̀. Irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń gbà lọ, òun náà ni ó ń gbà bọ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí rẹ̀, òkú ni yóò sùn. Nítorí náà ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdó kan àfi bí ìbéèrè bá ti kọjá lórí wáyà lọ sí ibùdó tó kàn, tí èsì sì ti padà wá pé ọ̀nà ṣófo, tí akọ̀wé sì ti kọ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Èrò ọkọ̀ a yọ orí lójú fèrèsé, a ra ẹ̀pà sísun, a bá ẹnìkejì rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, kò sì mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú yàrá kékeré kan tó ń fi ìka tẹ ẹ̀rọ wáyà kí òun tó lè dé ilé láàyè. Irin kan, ọkọ̀ púpọ̀, ìwé kan tí kò gbọdọ̀ parọ́: iṣẹ́ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn wáyà ni taipuráítà, lẹ́yìn taipuráítà ni ẹ̀rọ ìdàkọ, lẹ́yìn ìdàkọ ni kọ̀ǹpútà àti káfè íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyí. Ohun tí mo gbọdọ̀ sọ ni pé inú ewu ni ìran kan ti ń fa iṣẹ́ náà lé ìran kejì lọ́wọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, ìjà ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Sabon Gari; ní ọdún 1966, wọ́n pa àwọn Ìgbò aládùúgbò wa, àwọn tó yè sì sá lọ, tí ilé wọn fi dá páropáro; ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2013, bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀ New Road, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí gúúsù. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kan padà wá gbọn eruku kúrò lára ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì ṣí ìlẹ̀kùn.

Ní òkè òkun, ọ̀wọ́n ni ó bí ìmọ̀ sísọ ẹ̀rọ kan di púpọ̀ tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan gba odindi yàrá, tí owó rẹ̀ sì ga ju ohun tí ẹnìkan lè dá san, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Fernando Corbató, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà fi han ayé ní ọdún 1961 pé ènìyàn púpọ̀ lè jọ lo ẹ̀rọ kan, bí ẹ̀rọ náà bá ń yára ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ IBM gbé ètò VM/370 jáde, èyí tó ń pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tí ọ̀kan kò sì ní mọ̀ pé èkejì wà. Ẹni tó ti háyà yàrá rí ní Sabon Gari kò nílò àlàyé: òrùlé kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kànga kan, yàrá bí ogún, olúkúlùkù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2004, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Virtual Computing Lab. Ní ọdún 2008 ni wọ́n fà á lé àjọ Apache lọ́wọ́, tó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Nílé wa níhìn-ín, ní nǹkan bí ọdún 2005, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ dara pọ̀ mọ́ MIT àti àwọn yunifásítì Makerere àti Dar es Salaam nínú ètò iLab, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì lórí ohun èlò tó wà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé.

Ṣùgbọ́n JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà ìyá ọlọ́mọ. Ọdún 2013 ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ti orí ìwé. Nígbà tó di ọdún 2015, ti orí ìwé ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí wá di ẹni tí a ó fi kọ̀ǹpútà díwọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ tí kò lówó láti ra ọgbọ̀n ẹ̀rọ tuntun sì ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ kan ṣe ti ọgbọ̀n. Ó ń dùn mí pé orúkọ ẹni tó ra kọ̀ǹpútà ni a máa ń kọ sára ògiri nígbà tí a bá ṣí irú yàrá bẹ́ẹ̀, a kì í kọ ti ẹni tó mú wọn sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí a kò ti kọ ti akọ̀wé wáyà.

Mo jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ Sabon Gari tí ń ṣe iṣẹ́ yìí lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Yoruba Road, níbi tó ti ń to sáfà fún ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan. Virtual Computing Lab tí Apache gbà yẹn ni ó ń lò, apá mẹ́ta ni sọ́fítíwíà náà sì ní. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dátábéèsì, níbi tí orúkọ gbogbo ẹ̀rọ, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo wákàtí yóò wà. Ó ṣe ojú ewé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa tọrọ àyè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ó wá gbé alábòójútó kalẹ̀, ètò kan tí ń jẹ́ vcld, èyí tí kì í sùn, tí ń yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ wò lemọ́lemọ́, tí ń ṣí yàrá fún ẹni tí àkókò rẹ̀ tó, tí ó sì ń gbá a mọ́ nígbà tí àkókò bá pé, kí ẹni tó kàn má bàa bá ìdọ̀tí ẹni àná níbẹ̀.

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó padà dé, sáfà ń kùn, iná ara rẹ̀ tutù bí ewé, síbẹ̀ alábòójútó kò jíṣẹ́. Apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà níwájú wa, gbogbo alángbá ló sì danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Iná ni mo fura sí, mo ní kí ó nu gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ó tún un ṣe láti ìpìlẹ̀.

Ó mi orí. “Rárá o, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tó sọ ná.”

Ó ṣí àkọsílẹ̀ tí vcld máa ń kọ nípa ara rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ìyá ọlọ́jà tí ń ka gbèsè oníbàárà, kò kánjú, kò sọ̀rọ̀, títí tó fi dé ibi tí alábòójútó ti ń kan ìlẹ̀kùn dátábéèsì tí wọn kò ṣí i fún un. Ó ju ibi kan lọ tí a máa ń kọ pásíwọ̀ọ̀dù kan náà sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó fi yàtọ̀ nínú èyí tí alábòójútó ń lò. Ó tún un kọ. Ó jí vcld dìde. A jókòó, a ń wò. Nígbà tó yá, ìlà tuntun kan yọ pé alábòójútó ti bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ nìyí. Òmíràn tún yọ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún tẹ̀ lé e, gẹ́lẹ́ bí èsì tí ń ti ibùdó kan dé ibùdó kejì. Ọmọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó fa ìwé ńlá kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó kọ wákàtí náà síbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.