Eérú Nínú Iṣẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀ Bídà

Nínú àwọn àkọsílẹ̀ nípa Masaga, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ dígí ìlú Bídà ní ilẹ̀ Tápà, iná ni ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀: iléru amọ̀, ẹwìrì tí kì í sinmi, àti àwọn ọkùnrin tí wọ́n jókòó yí iná ká. Eérú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni eérú ni ó ń pinnu bóyá ìlẹ̀kẹ̀ yóò dé ọjà.

S. F. Nadel ṣe àkọsílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1942 pé àwọn Masaga ka Íjíbítì sí orírun wọn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iyì ni ó sábà máa ń fi hàn, kì í ṣe ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà dé. Bikini ni wọ́n ń pe dígí dúdú tí wọ́n ń yọ́ fúnra wọn. Nígbà tí ìgò òyìnbó di púpọ̀, bikini fà sẹ́yìn. Ìgò dín làálàá kù, ṣùgbọ́n ó mú ewu mìíràn wá: gbogbo ìgò kọ́ ni ó ń súnkì bákan náà bí ó bá ń tutù. Bí a bá fi irú méjì tí kò bára mu ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó lè sán níbi tí wọ́n ti pàdé.

Orí ọ̀pá irin ni oníṣẹ́ ti ń wé dígí yíyọ́. Bí ó bá gbá a kúrò lórí ọ̀pá, inú eérú gbígbóná ni ó ń fi í sí. Dígí kì í tètè gbé ooru kọjá. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, òde á le nígbà tí inú ṣì gbóná. Nígbà tí inú bá wá ń súnkì, òde kò lè bá a lọ mọ́, wọn yóò sì máa fa ara wọn títí. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè dán, kí ó sì pé lára ní ọjọ́ tí a ṣe é, kí ó wá fọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń sín in lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Eérú ń dá ooru dúró, kí òde àti inú lè jọ tutù. Fún dígí ìgò òde òní, nǹkan bí ìwọ̀n 500 sí 550 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ìfàgbárá yìí ti ń tú; ojú àti ọwọ́ ni òṣùwọ̀n àwọn Masaga.

Ó yẹ kí àwọn awalẹ̀pìtàn fiyè sí èyí. Ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní ọdún 2017 pé àwọn rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-dígí. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ rọrùn láti dá mọ̀, nítorí dígí lẹ̀ mọ́ ọn. Ìkòkò eérú kò rí bẹ́ẹ̀. Kò yàtọ̀ sí ti ìdáná, ẹni tí ó bá hú u sì lè kà á mọ́ àpáàdì lásán.