Ìlera Obìnrin ní Ọ̀fà

Àwọn àìlera tó ń bá obìnrin jà ní Ọ̀fà, ìlú Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara, kò yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú Yorùbá yòókù: jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ àti ti ọmú, àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ. Ohun tó mú kí wọ́n burú ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè dun ènìyàn. Ìyá tó ń ná ọjà ní Owódé láti àárọ̀ lè sọ pé kò sí ibi tó ń dun òun, kí àrùn sì ti pẹ́ lára rẹ̀.

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló fi èyí hàn jù. Kòkòrò àìfojúrí kan, HPV, tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀, ló ń fà á. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lé kòkòrò náà lọ fúnra rẹ̀. Níbi tó bá ti jókòó, ó lè tó ọdún 10 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Àyè gbọọrọ nìyẹn láti dá a dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Ó kan Kwara ní ìpele kejì, ní 2024. Àhesọ pé ó ń sọni di àgàn kì í ṣe òótọ́ rárá. Àrùn tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà gan-an ló ń ba ilé ọmọ jẹ́.

Àyẹ̀wò ni ti àwọn àgbà, láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sókè. Nọ́ọ̀sì á rẹ òwú sínú omi kíkan bíi fínígà, á fi kan ọrùn ilé ọmọ, á sì dúró bí ìṣẹ́jú kan. Ibi tó bá ti ń yí padà á funfun, ìyókù á sì wà bó ṣe wà. Nígbà mìíràn, ọjọ́ náà ni wọ́n á fi òtútù pa ibi tó funfun, obìnrin á sì padà sílé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kì í ṣe ohun tí à ń fi àgbo wò.

Ní ti ọmú, kókó tí kò dunni ló yẹ ká sáré lé jù.

Nínú oyún, ẹ wo inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀: bí ó bá funfun, tí kò pọ́n, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ má tó. Ànàmọ́ tí agbègbè Ọ̀fà gbajúmọ̀ fún ń yóni dáadáa, àmọ́ ohun tó ń di ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹran ló yẹ kó bá a rìn. Òògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, àwọn kan sì ń tìtorí èyí dà á nù. Kò léwu. Ibà náà tún ń jẹ nínú ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aboyún ní òògùn ibà Fansidar láti oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, kí oṣù kan máa wà láàárín wọn, pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn.

Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ojú wíwú: gìrì aboyún lè máa bọ̀ nìyẹn, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń so mọ́ apá lọ́jọ́ kíláàsì aboyún sábà máa ń rí i ṣáájú.

Ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ ló yára pani jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, tó jáde ní 2023, lo ọ̀rá alámì tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá ọmọ láti wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, pẹ̀lú ìtọ́jú kíákíá. Ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ yíya tó le dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Kò sí ọ̀rá tó ń rọ́pò ẹ̀jẹ̀ tó ti dà lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bi ọkọ léèrè ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ọjọ́ ìrọbí tó pé.